ÌGBÀ ÌYÍPADÀ, ÌGBÀ ÌSỌDỌ̀TUN: Ẹ̀kọ́ láti Ọ̀gèrè fún Àwa Ará Ẹ̀pẹ́

Ibi kíkà: Númérì 27:15–23, Ẹ́sírà 3:8–13, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6:1–7.

Kókó ẹ̀kọ́: Ìgbà tí ọwọ́ àgbà ṣì le ni ó yẹ kí ó ti máa na ọ̀pá sí ọwọ́ ẹni tí yóò gbà á.

 

Àṣà wa ni pé nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, lẹ́yìn àwòrán àti ọ̀rọ̀ ìkíni, a máa ń fi ẹ̀kọ́ kan sí i, kí ìwé náà má bàa di ohun tí a wò lẹ́ẹ̀kan tí a sì gbé jù sórí àpótí. Ẹ̀kọ́ ti ọdún yìí kò jìnnà sí ohun tí ó wà lọ́kàn gbogbo wa. Ẹ̀yin ará ilé mọ̀ pé olùṣọ́-àgùntàn wa, ẹni tí ọjọ́ orí ti dé sí, ti bẹ ìjọ pé kí a wá ẹni tí yóò gba ọ̀pá lọ́wọ́ òun. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ nínú ilé. Àwọn kan ń sọ pé ọmọ ilé ẹni tí ó dá ìjọ sílẹ̀ ni kí ó jẹ ẹ́. Àwọn kan ní kí á wá ẹni tí ó mọ̀wé. Àwọn ọ̀dọ́ ní ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ́, kí ó ṣáà yí nǹkan padà. Àwọn àgbà ní ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ́, kí ó ṣáà má yí nǹkan kan padà. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti dé orí ẹ̀kọ́?

I. OHUN TÍ ÌSỌDỌ̀TUN JẸ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tu èpò kúrò lẹ́sẹ̀ iṣu. Bí a bá gbọ́ pé ìjọ kan ti dọ̀tun, kí la máa ń rò? A máa ń rò pé wọ́n ti kun ògiri, wọ́n ti ra dùùrù tuntun, wọ́n ti fi gbohùngbohùn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì ti ra jẹnẹrétọ̀ tí kì í pariwo. Ohun rere ni gbogbo èyí, a kò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n a ti rí ilé ìsìn tí ògiri rẹ̀ ń dán, tí àwọn tí ó ń jókòó sínú rẹ̀ ń dín kù lọ́dọọdún. Ọ̀dà kò lè ṣe iṣẹ́ Ẹ̀mí.

Àwọn mìíràn sì rò pé kí á kó gbogbo ohun àtijọ́ dànù ni ìsọdọ̀tun: kí á bọ́ aṣọ funfun, kí á wọ bàtà wọlé, kí á gé ìsìn kúrú, kí á máa fi èdè òyìnbó wàásù. Bí a bá ṣe gbogbo èyí tán, tí kò sí àdúrà mọ́ ńkọ́? A ti pààrọ̀ aṣọ òkú lásán nìyẹn.

Ẹ ka orí kẹta ìwé Ẹ́sírà. Nígbà tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ tẹ́ńpìlì tuntun lélẹ̀, àwọn àgbà tí ó ti fi ojú rí ilé ti ìṣáájú ń sọkún, àwọn yòókù sì ń hó fún ayọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀ ẹkún sí ìhó. Ẹ kíyè sí i dáadáa: Ìwé Mímọ́ kò bá àwọn tí ó ń sọkún wí, bẹ́ẹ̀ ni kò bá àwọn tí ó ń hó wí. Orí ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n dúró lé. Nítorí náà, bí àgbà bá ń sọkún nínú ìjọ wa ní àkókò yìí, tí ọ̀dọ́ sì ń hó, kí ẹnì kan má ṣe pe ẹnì kejì ní ọ̀tá Ọlọ́run.

Àwa ará Rẹ́mọ mọ obì. Igi gbànja kì í so ní ọdún tí a gbìn ín. Ó lè gba ọdún bíi méje kí ẹni tó gbìn ín tó rí ọmọ obì kà. Àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í dúró kí igi baba rẹ̀ wó kí ó tó gbin òmíràn. Abẹ́ igi àgbà náà ni ó ti ń tọ́ ọmọ igi dàgbà. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá gbé àgbà igi ṣubú, oko kò ní ṣófo. Ohun tí à ń pè ní ìsọdọ̀tun nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn.

II. IBI TÍ A TI ṢẸ̀

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ní ń gbẹ. Àwa Aládùúrà fúnra wa, ọmọ ìyípadà ni wá. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà gba ayé kan, ó dé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọ́n sì ti àwọn ilé ìsìn pa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ St. Saviour kan, tí Joseph Ṣàdáré alágbẹ̀dẹ wúrà ṣe olórí wọn, kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan, Sophia Ọdúnlámì, wà lára wọn tí ó ń kéde ìwòsàn nípa àdúrà àti omi òjò. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni a mọ̀ wọ́n sí. Wọn kò kọ́kọ́ gbèrò láti dá ìjọ sílẹ̀. Àdúrà ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 1922, ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mú kí wọ́n yà kúrò lọ́dọ̀ ìjọ Áńgílíkà.

Ní Èkó, ní 1925, Moses Orímọládé Túnọláṣe àti ọ̀dọ́mọbìnrin Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ tí ó di Kérúbù àti Séráfù. Ní oṣù keje 1930, iná ìsọjí ràn ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà láti ọwọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ó ti ń wa katakata ojú ọ̀nà kí Ọlọ́run tó pè é.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún tí ó kọjá, Adeniran Adedeji Isola, ẹni tí ó ti inú ìjọ Áńgílíkà jáde, dá Unitarian Brotherhood Church sílẹ̀ ní Èkó. Ẹ̀kọ́ wọn kò bá tiwa dọ́gba, nítorí pé àwọn Unitarian kò jẹ́wọ́ Mẹ́talọ́kan bí àwa ti ń jẹ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ohun kan tí wọ́n fẹ́ ni àwa náà fẹ́: kí ọmọ Yorùbá lè fi èdè àti orin ìyá rẹ̀ sin Ẹlẹ́dàá rẹ̀. A mú wọn wá síhìn-ín kí á lè mọ̀ pé ìfẹ́ ìsọdọ̀tun kò mọ sí ilé ẹnì kan. Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí ilé kọ̀ọ̀kan ti ń gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a wá yan ilé kan, kí á wò ó fínnífínní. Kò sì jìnnà sí wa rárá.

III. ÌJỌ OLÚWA NÍ Ọ̀GÈRÈ

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn mọ Ọ̀gèrè, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé máa ń tò sí. Ìlú Rẹ́mọ ni, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́. Ibẹ̀ ni a ti bí Josiah Olunowo Oshitelu. Ó jẹ́ olùkọ́, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ katikíìsì lábẹ́ ìjọ Áńgílíkà nígbà tí ìran bẹ̀rẹ̀ sí í dé bá a ní 1925. Ní 1926, wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó fi ọdún mélòó kan gbààwẹ̀, ó ń gbàdúrà, lẹ́yìn náà ni ó jáde wàásù ní gbangba ní Ọ̀gèrè ní oṣù kẹfà 1929. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje 1930, oṣù kan náà tí iná Òkè-Ooyè ràn, ni ó dá Ìjọ Olúwa sílẹ̀ ní Ọ̀gèrè, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìjọ Olúwa (Aládùúrà). Ìwọ̀nba ènìyàn péréte ni wọ́n.

Àwa kì í ṣe ẹ̀ka Ìjọ Olúwa. Ṣùgbọ́n ìbátan ni wá nínú àdúrà, aládùúgbò sì ni wá lórí ilẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ aládùúgbò.

Ọgbọ́n mẹ́ta ni a fẹ́ mú níbẹ̀.

Èkínní: ó kọ ọ́ sílẹ̀. Wòlíì Oshitelu kò fi ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́ sí ẹnu nìkan. Ó ń kọ wọ́n sínú ìwé ńláńlá, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wáyé. Nígbà tí Harold Turner, ọmọ ilẹ̀ New Zealand tí ó ń ṣe olùkọ́ ní Fourah Bay ní Sàró, bá Ìjọ Olúwa pàdé ní etíkun níbẹ̀ ní 1957, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí, ó sì tẹ ìwé onípele méjì jáde lórí ìjọ náà ní 1967. Báwo ni àlejò ṣe rí ohun tí ó tó ìwé méjì kọ nípa ìjọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú kékeré? Nítorí pé àwọn onílé ti kọ tiwọn sílẹ̀ ṣáájú ni. Ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń bá lọ sí sàréè.

Èkejì: ó fi ìdí kan múlẹ̀ tí kò jẹ́ kí a ṣí i. Ní 1937 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún Òkè Tabborrar ní Ọ̀gèrè. Ọjọ́ mẹ́tàlá ni ààwẹ̀ rẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, ọjọ́ 22 ni òtéńté rẹ̀. Lẹ́yìn tí olùdásílẹ̀ kú, ayẹyẹ náà kò kú. Bí olórí ti ń yí, tí ìjọ sì ń gbilẹ̀ sí òkè òkun, ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ dúró síbi tí ó wà. Ṣé ẹ rí i báyìí pé ìjọ tí ó fẹ́ yípadà gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òun kò ní yí?

Ẹ̀kẹta ni ó jẹ́ ọkàn ẹ̀kọ́ yìí, nítorí náà a yà á sọ́tọ̀.

IV. ỌDÚN MỌ́KÀNDÍNLÓGÚN

Ní 1947, Wòlíì Oshitelu rán àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀ kọjá òkun. Oduwole lọ sí Monrovia ní Làìbéríà. Adélékè Adéjọbí lọ sí Freetown ní Sàró. Adéjọbí yìí, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kì í ṣe ọmọ bíbí inú olùdásílẹ̀. Wọ́n rán an lọ síbi tí kò ti ní ìyá, kò ní baba, kí ó lọ fi àdúrà dá ìjọ sílẹ̀ láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ó ṣe é. Ní 1953, ó dé Kumasi ní ilẹ̀ Gánà, ó ṣe iṣẹ́ níbẹ̀ náà. Nígbà tí ó yá, ó lọ sí Glasgow ní Skọ́tlándì láti kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì sí i, ní 1964 ó dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù.

Ní 1966, Wòlíì Oshitelu sùn nínú Olúwa ní Ọ̀gèrè. Adéjọbí ni ó gba ipò.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Láti 1947 dé 1966, ọdún mọ́kàndínlógún ni. Fún ọdún mọ́kàndínlógún ni olùdásílẹ̀ fi wà láàyè, tí ó ń wo ẹni tí yóò gba ọ̀pá bí ó ti ń ṣiṣẹ́, bí ó ti ń ṣubú tí ó ń dìde, bí ó ti ń bá àjèjì gbé. Nígbà tí ikú dé, kò sí ẹni tí ó ń bèèrè pé ta ni ọkùnrin yìí, kí ló ti ṣe rí? Iṣẹ́ rẹ̀ ní Sàró, ní Gánà àti ní Lọ́ńdọ́nù ti dáhùn. Lábẹ́ rẹ̀ ni Ìjọ Olúwa wọ inú Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Àgbáyé ní 1975, òun ni ó sì ṣe olórí títí di ìgbà tí ó kú ní 1991. Ìjọ tí ìwọ̀nba ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀gèrè wá jókòó pọ̀ mọ́ àwọn ìjọ ńláńlá ayé. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀ lọ, ẹsẹ̀ lásán sì ni wọ́n fi ń wọlé àdúrà wọn síbẹ̀.

Bí Mósè ti ṣe nìyẹn nínú Númérì orí 27. Kò dúró dé ọjọ́ ikú. Ó bẹ Olúwa pé kí ó fi ẹnì kan ṣe olórí, kí ìjọ má bàa dà bí àgùntàn tí kò ní olùṣọ́. Níwájú gbogbo ìjọ ni ó gbé ọwọ́ lé Jóṣúà, ojú Mósè fúnra rẹ̀ ń wò ó. Nígbà tí wọ́n sì dé Kénáánì, mánà dáwọ́ dúró, gẹ́gẹ́ bí a ti kà á nínú Jóṣúà orí 5. Ẹnì kan lè sọ pé Ọlọ́run ti fi wọ́n sílẹ̀. Rárá o! Ọ̀nà tí a ń gbà bọ́ wọn ni ó yípadà. Ẹni tí ó ń bọ́ wọn kò yípadà.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ kan náà. Josiah Akíndáyọ̀mí, tí ó ti jẹ́ ọmọ Kérúbù àti Séráfù, dá ìjọ Redeemed sílẹ̀ ní 1952. Kò kàwé. Ní 1973, olùkọ́ yunifásítì kan tí ń jẹ́ Enoch Adébóyè dara pọ̀ mọ́ wọn, ó sì di ẹni tí ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ baba náà sí èdè òyìnbó. Ògbufọ̀ lásán! Ó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba, ó ń sọ ohun tí baba bá sọ, kò sọ tirẹ̀. Akíndáyọ̀mí kú ní 1980, Adébóyè di olórí ní 1981. Àìmọ̀wé baba kò dí mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lọ́wọ́ àtisìn lábẹ́ rẹ̀. Ìwé ọmọ kò sì dí i lọ́wọ́ àtigbọ́ ti baba. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

V. IBI TÍ ẸSẸ̀ TI Ń YỌ̀

Kò ní dára kí á sọ èyí tí ó dùn nìkan. Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1925 pẹ̀lú agbára ńlá, kò ju ọdún mẹ́rin lọ tí ó fi pín. Ní 1929, ti Orímọládé lọ ọ̀tọ̀, ti Abíọ́dún lọ ọ̀tọ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀ka ti ń yọ lára ẹ̀ka. Àwọn méjèèjì jẹ́ ẹni Ọlọ́run. A kò wá síhìn-ín láti dájọ́ wọn. Bákan náà ni Oshitelu àti àwọn àgbà ìsọjí yòókù kò lè fìmọ̀ ṣọ̀kan ní 1931 lórí orúkọ mímọ́ tí ó ń lò nínú àdúrà, kálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn ará Babalọlá pàápàá kó òjíṣẹ́ Apostolic láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ra láti 1931. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ọ̀rọ̀ lílo oògùn, bóyá ìránṣẹ́ Ọlọ́run lè mu kíníìnì, ti pín wọn níyà. Láti inú ìyẹn ni Christ Apostolic Church ti jáde.

Kí ni a rí kọ́? Ìyapa kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti orí Ọlọ́run. Láti orí ìbéèrè yìí ni ó ń bẹ̀rẹ̀: ta ni ó ní àṣẹ láti pinnu? Bí ìdáhùn kò bá sí nílẹ̀ kí ìjà tó dé, ìjà ni yóò dáhùn.

Ẹ wo ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹfà. Àwọn tí ó ń sọ Gíríìkì ń kùn pé a ń fo àwọn opó wọn dá níbi ìpín oúnjẹ. Àwọn Àpọ́sítélì kò pe ìkùnsínú náà ní iṣẹ́ èṣù. Wọn kò sì sọ pé kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn máa lọ. Wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ, wọ́n ní kí ìjọ fúnra rẹ̀ yan ọkùnrin méje, wọ́n gbé ọwọ́ lé wọn, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sì gbilẹ̀ sí i. Ẹ̀sùn tí a gbọ́ ní àsìkò di ìsọdọ̀tun. Ẹ̀sùn tí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ a di ìyapa.

VI. ÀWA NÍ Ẹ̀PẸ́ ŃKỌ́?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kò yẹ kí ó bẹ̀rù ìyípadà. Ní 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ bíi mélòó kan fi ibùdó wọn sílẹ̀, tí wọ́n kó ara wọn jọ sí ibi tí à ń pè ní Ṣágámù, kí wọ́n lè dáàbò bo ara wọn. Ẹ̀pẹ́ wà nínú wọn. Ilé yípadà, oko yípadà, aládùúgbò yípadà. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí a bá bi ọmọ Ẹ̀pẹ́ pé ọmọ ibo ni, kì í ta kókó kí ó tó dáhùn. Ó wọ inú Ṣágámù, kò sọ Ẹ̀pẹ́ nù. Bí àwọn baba wa tí kò kàwé bá lè ṣe èyí nínú ọ̀rọ̀ ìlú, kí ni ó dí àwa lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìjọ?

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa. Nínú ìwé orúkọ ìjọ wa, àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ sí ìwé náà, ìka ọwọ́ kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kà wọ́n. Àwọn ìyá tí ó mọ orin tí a kọ lọ́jọ́ tí a fi ìpìlẹ̀ ilé yìí lélẹ̀, ojú wọn ti ń ṣú. Àwọn ọmọ wa sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, wọ́n ń wá sílé ní ọdún àti ní ìsìnkú. Nígbà tí wọ́n bá wá, a máa ń fi wọ́n sí ìlà ẹ̀yìn. A máa ń ní kí wọ́n gbé àga, kí wọ́n to tábìlì, kí wọ́n tẹ jẹnẹrétọ̀. A kì í fi ìwé ìṣirò lé wọn lọ́wọ́. A kì í ní kí wọ́n darí ìṣọ́ òru. Tí wọn kò bá wá mọ́, a ó ní ayé ti bà wọ́n jẹ́. Àbí irọ́ ni?

Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà gbọ́ tiyín. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀pá gbọ́dọ̀ dúró nítòsí ẹni tí ó mú un. Adéjọbí kò gbé Èkó kí ó máa fi ẹnu tún Ọ̀gèrè ṣe. Adébóyè fi ọdún ṣe ògbufọ̀ kí ó tó ṣe olórí. Ẹ kò lè máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kí ẹ sì máa pinnu bí ìsìn ọjọ́ ìsinmi yóò ṣe gùn tó.

Lórí ohun tí ó wà níwájú wa, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà àti àwọn aṣojú ọ̀dọ́ ti jókòó pọ̀, wọ́n sì fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́rin tí a ó gbé wá síwájú ìpàdé gbogbo ìjọ lẹ́yìn àjọ̀dún yìí:

1. Pé kí olùṣọ́-àgùntàn wa má ṣe lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ìjọ bá yàn, lẹ́yìn ààwẹ̀ àti àdúrà, yóò bá a ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọdún kan gbáko, kí baba lè wò ó, kí ìjọ lè wò ó, kí òun náà lè wo ìjọ. Ilé tí ó ti jáde kò ní yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní gbà á wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀rí Ẹ̀mí ni yóò sọ̀rọ̀.

2. Pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ẹni tí ó bá di ipò mú, akápò, olórí akọrin, ìyá àdúrà, aláàbójútó ilé, kí igbá-kejì kan wà tí kò tíì pé ogójì ọdún, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí yóò máa kọ́ iṣẹ́ náà ní ti òótọ́. Ní Ìjọ Olúwa, obìnrin ń sìn gẹ́gẹ́ bí wòlíì. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀dọ́mọbìnrin wà lára àwọn tí iná kọ́kọ́ bà lé. Kí á má ṣe ti ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́run ti ṣí.

3. Pé kí a kọ ìtàn ìjọ yìí sílẹ̀ láti ẹnu àwọn àgbà tí ó kù: ìran, ìwòsàn, orin, àti ìjà pàápàá, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ yóò mú ìwé àti ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ wá, àwọn àgbà yóò mú ẹnu wá.

4. Pé àdúrà òru ọjọ́ ẹtì, ààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, aṣọ funfun àti ẹsẹ̀ lásán nínú ilé mímọ́ kò sí lára ohun tí à ń jíròrò. Gbòǹgbò nìyẹn. Ẹ̀ka ni à ń rẹ́, a kò fọwọ́ kan gbòǹgbò.

A mọ̀ pé èyí kò ní tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Àgbà kan lè sọ pé ọdún kan ti pọ̀ jù, ọ̀dọ́ kan lè sọ pé ó ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn wá sọ ọ́ níbi ìpàdé. Kí ó má sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà ọjà. Àwọn baba wa ní, bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ìyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dúró dìgbà tí yóò kú kí ó tó yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iná ni kò bí ọmọ sílẹ̀. Èwo ni ìjọ wa fẹ́ jẹ́?

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ẸGBẸ́ ẸGBẸ́

1. Nínú Ẹ́sírà orí 3, kí ni ó mú kí àwọn àgbà sọkún? Kí ni ó mú kí àwọn yòókù hó? Ta ni ó jàre?

2. Kí ni ìdí tí Mósè fi gbé ọwọ́ lé Jóṣúà níwájú gbogbo ìjọ, tí kò ṣe é ní kọ̀rọ̀?

3. Sọ nǹkan kan nínú ìsìn wa tí ó jẹ́ gbòǹgbò, àti ọ̀kan tí ó jẹ́ ẹ̀ka. Báwo ni o ṣe mọ ìyàtọ̀ wọn?

4. Bí o bá ní iṣẹ́ kan nínú ìjọ lónìí, ta ni ó ń kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ? Dárúkọ ẹni náà. Bí kò bá sí, ìgbà wo ni o fẹ́ wá a?

ÀDÚRÀ

Olúwa Ọlọ́run àwọn baba wa, ìwọ tí o kò yípadà tí o sì ń sọ ohun gbogbo di ọ̀tun, a dúpẹ́ fún àwọn tí ó ti gbà wá lọ́wọ́ dé ìhín. Má ṣe jẹ́ kí ọ̀pá yìí bọ́ láàárín ọwọ́ méjì. Fún àwọn àgbà wa ní ìgboyà láti nà án, fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní ìrẹ̀lẹ̀ láti gbà á. Bí a bá tún pé jọ ní ọdún tí ó ń bọ̀, kí á bá ẹkún àti ìhó lórí ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo. Lórúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín, àṣẹ.



Akọ̀wé Ìjọ, Ẹ̀pẹ́, Ṣágámù.